Hóró àgbàdo, ẹ̀wọ̀n rọ́bà, àti ẹni tó ní eré ọmọdé ni

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá yín kó ìwé ìròyìn jọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá, n kò kọ lẹ́tà sí olóòtú kankan rí. Fọ́kanáísà ni mí. Ẹ̀bá títì ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ni ṣẹ́ẹ̀dì mi wà, ọwọ́ mi kì í sì í sábà mọ́ dé ibi tí mo fi lè di bébà funfun mú. Lẹ́tà kan tó jáde lójú ewé yín lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi lọ fọ ọwọ́.

Ẹni tó kọ ọ́ ní òun lọ wo ọmọ òun ní yunifásítì, òun bá a pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹjú mọ́ àwọn àpótí wínníwínní tó ń yí àwọ̀ padà: pupa, búlúù, yẹ́lò. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní percolation inú ẹ̀wọ̀n pólímà, irú ohun tí rọ́bà jẹ́, làwọn ń wò. Inú bí Bàbá. Ó ní eré ọmọdé ni wọ́n ń fi owó ilé ìwé ṣe, ó wá fi gbólóhùn kan dé e lórí: "Kọ̀ǹpútà wo ló lẹ táyà rí?"

Ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kí ẹ bi.

Kí n má parọ́, èmi náà ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Kẹ́mísírì ni ọmọ mi obìnrin kà. Nígbà tó di iṣẹ́ àṣekágbá, mo rò pé yóò máa po kẹ́míkà pọ̀ nínú ìgò ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ, epo tí mo rà sí ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń fẹ́ táyà ló ń bù sí jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Epo tó yẹ kó fẹ́ táyà mẹ́wàá lo fi ń wo àpótí?" Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ bù fún mi lára gọ́ọ̀mù tútù yín, kí ẹ sì gé túùbù àlòkù kan fún mi, kó má ju èékánná lọ. Ẹ tún bá mi wá agolo mílíìkì méjì."

Ó da pẹtiróòlù sínú agolo méjèèjì, ó ju gọ́ọ̀mù sí ọ̀kan, ó ju ègé túùbù sí èkejì, ó dé wọn, a sì gbé wọn sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì níbi tí iná kò lè dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ṣí wọn. Gọ́ọ̀mù ti pòórá. Pẹtiróòlù inú agolo yẹn ti ki, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjábẹ̀ já. Sọ́lúṣọ̀n tí à ń fi lẹ páṣì gan-an ni, mo ti ń pò ó láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ègé túùbù ní tirẹ̀ wú. Ó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, ó rọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fi ọ̀bẹ gé sí i ṣì wà níbẹ̀. Pẹtiróòlù tó yí i ká kàn dọ̀tí díẹ̀ ni, kò ki rárá. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kò yòrò.

Gbogbo fọ́kanáísà ló mọ èyí. Ohun tí n kò mọ̀ láti ọdún 42 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ṣàlàyé pé gọ́ọ̀mù tútù, ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn ló kún inú rẹ̀, átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó tò sórí ìlà kan. Ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan dá wà. Wọ́n kàn lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré ni. Pẹtiróòlù wọ àárín wọn, ó tú wọn ká. Ti túùbù yàtọ̀. Imí ọjọ́ tí wọ́n pò mọ́ ọn, pẹ̀lú iná, ti fi ìkọ́ so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí gbogbo wọn fi di ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá mi, odidi túùbù yẹn, láti ẹnu ibi tí ẹ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i dé ẹ̀yìn rẹ̀, mólékù ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó so mọ́ra di ohun kan."

Mo ní kó tún un sọ.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé ìkọ́ mélòó? Imí ọjọ́ kì í so gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń so méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nígbà wo gan-an ni àwọn tó so pọ̀ kélekèle di odidi kan tó já láti etí kan dé etí kejì? Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń wá lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní percolation. Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ àyálò fún un. Nígbà tí àwọn ará abúlé méjì bá ń pa igbó bọ̀ látọ̀túnlósì tí wọ́n sì pàdé, kí là ń sọ? Ọ̀nà ti já.

Ẹni tó bá ti fi iná sí orí písítìnì rí mọ ibi tí ọ̀nà ti ń já, kódà bí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ó fi fáìlì ha ojú túùbù, ẹ ó tẹ́ gọ́ọ̀mù lé ojú ihò, ẹ ó gbé orí písítìnì àlòkù ka orí rẹ̀, ẹ ó fi irin dè é mọ́lẹ̀ pinpin, ẹ ó bu pẹtiróòlù ṣín-ń-ṣín sínú písítìnì, ẹ ó ṣáná sí i. Bí iná bá kú, ẹ ó dúró. Ìdúró yẹn niṣẹ́ wà. Bí ẹ bá tú u ní kùtùkùtù, gọ́ọ̀mù á máa fà bí ṣingọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, á jó, á máa sán. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo kánjú tú ti awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ torí ó ń pariwo mọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fẹsẹ̀ rìn padà, táyà wà lórí rẹ̀. Ìgbátí tí ọ̀gá mi gbá mi lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kí ojú mi lè rí i, ọmọ mi ní ká fi ọwọ́ ṣe é láìlo kọ̀ǹpútà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, oníbàárà ò sí. A ya ilé sórí páálí bíi ti dírááfù, 20 níbùú, 20 lóòró, àpapọ̀ rẹ̀ 400. A gé bébà pélébé-pélébé, a kọ nọ́ńbà 1 dé 20 sí i, a ṣe ọ̀nà méjì rẹ̀, a dà á sínú agolo méjì. Ẹ mú bébà kan nínú agolo kìíní, ìlà nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan nínú èkejì, ìlà òòró nìyẹn. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ fi hóró àgbàdo kan síbẹ̀, ẹ dá bébà padà, ẹ gbọn agolo. Bí ilé yẹn bá ti ní hóró tẹ́lẹ̀, ẹ tún mú. Hóró méjì tí ẹ̀gbẹ́ wọn kanra jẹ́ ará agboolé kan náà. Èyí tí igun nìkan kanra kì í ṣe ẹbí.

Ní hóró 100, wọ́n fọ́n káàkiri bí ìràwọ̀. Ní 150, agboolé kéékèèké ti ń yọ. Ní 200, àwọn kan ti tóbi, àmọ́ kò sí èyí tó ti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a dé 220 mo ti ń sọ pé kò ní já láéláé, ká lọ jẹun. Hóró kẹrìnlélógún-lé-nígba kò já a, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n kò já a. Ọmọ mi fi ìkọkàndínlọ́gbọ̀n-lé-nígba síbì kan láàárín, agboolé mẹ́ta sì di ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìlà òkè dé ìlà ìsàlẹ̀. Hóró kan péré! Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun tí a lè tọ́ka sí, èyí tó sì tẹ̀lé e, ọ̀nà ti já kó tó dé. Mo rántí písítìnì mi.

A tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí i: 258, 247, 238. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, àgbébọ̀ adìẹ ìyàwó mi ṣa hóró mélòó kan jẹ lórí páálí kí n tó lé e, a ní láti fi wọ́n padà láti inú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, 243 ni, ìyẹn bí ìdá 0.61 nínú 400. Ọmọ mi wá tẹ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, pátákó tí ilé orí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àkókò tí mo fi mu gààrí. Ohun tó jáde ni 0.59 àti díẹ̀. Àwọn tó ti ṣe é kiri ayé ní 0.5927 ni. Kì í ṣe pé mo ṣì í kà. Páálí mi ló kéré, ìgbà tí mo ṣe é kò sì pọ̀. Bí ẹnì kan bá tún bi mí pé kí ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ọ̀rọ̀ rọ́bà, ìdáhùn mi nìyẹn: agolo àti bébà mi ni, kò kàn ní ìrora ẹ̀yìn bíi tèmi. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ̀nà yẹn ní Monte Carlo, orúkọ ibi tí ilé tẹ́tẹ́ wà ní Mònákò, nítorí bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni.

Ti àwọ̀ tó bí Bàbá yẹn nínú ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ò ní ojú. Bí àgbàdo bá kún pátákó, kò lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ní agboolé nìyí. Ní 1976, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Hoshen àti Kopelman, kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan: kó máa rìn láti ìlà dé ìlà, kó máa fún ẹbí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bó bá wá rí i pé ẹbí méjì tó fún ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pàdé nísàlẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n á wá kun nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa, búlúù, yẹ́lò tí ẹ rí, Ẹ̀gbọ́n, agboolé ni. Nígbà tí àwọ̀ kan bá ti òkè dé ìsàlẹ̀, túùbù ti di túùbù.

Kì í ṣe rọ́bà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ gba orúkọ. Simon Broadbent ń ṣiṣẹ́ lórí ìbòjú tí àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sá fún èéfín olóró, ó fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ihò inú èédú tí wọ́n kó sínú ìbòjú ọ̀hún kọjá. Òun àti Hammersley, onímọ̀ ìṣirò, ló kọ ìwé rẹ̀ ní 1957. Ìyá mi àgbà tó ń rẹ aró kò ní bi wọ́n léèrè púpọ̀. Ìkòkò rẹ̀ tó dálu nídìí, tó kó eérú sí, tó ń da omi lé lórí, ohun kan náà ló ń ṣe: bí eérú bá ki jù, omi ò ní já, bó bá fẹ́ẹ́rẹ́ jù, omi á kàn ṣàn lọ ni.

Ṣáájú wọn, ní 1941, Paul Flory ní Amẹ́ríkà ti fi lẹ́ẹ̀dì àti bébà ṣírò pé bí mólékù kọ̀ọ̀kan bá ní ọwọ́ mẹ́ta, ọjọ́ tí ìdajì ọwọ́ bá ti so pọ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò dì. Àmọ́ ẹbí tó yà sórí bébà rẹ̀, ẹbí tí wọn kì í fẹ́ ara wọn ni. Ẹ̀ka kì í yí padà wá so mọ́ ẹ̀ka. Nínú rọ́bà gidi, wọ́n ń fẹ́ ara wọn ṣáá. Ní 1976 ni Pierre-Gilles de Gennes ará Faransé ní kí wọ́n wá fi ojú percolation wò ó, tó gba ìyẹn láyè. Òun náà ló sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1991: àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amazon máa ń ta oje igi rọ́bà sí ẹsẹ̀ wọn, afẹ́fẹ́ á mú un dì, ó di bàtà. Nínú kábọ́ọ̀nù bíi 200, ẹyọ kan péré ni afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn, omi sì di bàtà. Bàtà ọ̀hún kì í tọ́jọ́, torí afẹ́fẹ́ kan náà ló tún ń gé ẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Charles Goodyear ló fi imí ọjọ́ àti iná rọ́pò afẹ́fẹ́ ní 1839. Láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, ni wọ́n ti fa orúkọ iṣẹ́ mi yọ. Ògún wọn ni, kò yà mí lẹ́nu.

Ilẹ̀ wa náà mọ oje yìí kí igi rọ́bà tòkè òkun tó dé. Igi ìrẹ́ wà nínú igbó wa. Ní 1895, rọ́bà ìrẹ́ tó gba Èkó lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Wọ́n kọ igi lára títí ó fi kú, kò pé ọdún mélòó kan tí òwò náà fi wó. Rọ́bà tí wọ́n ń kó lọ nígbà yẹn, ẹ̀wọ̀n tí kò tíì so pọ̀ ni. Ìlú òyìnbó ni ọ̀nà rẹ̀ ti ń já.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣìnà, kí ẹnì kan má wá rò pé mo ti sọ ọ́ di òrìṣà. Lẹ́yìn hóró ẹyọ kan, ọmọ mi ní ká máa gbé hóró méjì tó lẹ̀ pọ̀ sílẹ̀ papọ̀, bí ẹ̀wọ̀n kúkúrú. Kí ọ̀nà tó já, ìdá 0.562 ló tó báyìí, ó dín. Bí ẹ̀wọ̀n bá gùn sí i, bí igi gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ tàbí tó dúró lórí pátákó, ó tún ń dín, torí ohun gígùn ń na ọwọ́ jìnnà. Títí bí ilé 16 ni o. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè padà! Àwọn igi gígùn ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìdì igi ìdáná, wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà. Ní 2012, àwọn kan wo bó ṣe ń lọ sókè lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní bí igi bá gùn tó ilé 12,000, pátákó á kún débi tí kò ní sáyè mọ́, ọ̀nà ò sì ní já rárá. Nígbà yẹn, wọn kò tẹ èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn na ìlà náà síwájú ni. Ní 2017, Kondrat, Koza àti Brzeski ní Póláńdì fi ìṣirò ọwọ́ hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: bí pátákó bá ti kún débi tí igi mìíràn ò lè wọlé, ọ̀nà gbọ́dọ̀ já, bó ti wù kí igi gùn tó. Mo bi ọmọ mi pé ṣé ojú ò ti àwọn ti 2012. Ó ní kí ló dé tójú á fi tì wọ́n, pé bí wọn ò bá sọ ọ́, ta ni yóò wá ìdáhùn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kan iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bí ẹ bá wo ojú àwọn táyà tuntun kan dáadáa, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí i po láàárín. Mo ti rò pé àmì ilé iṣẹ́ ni. Èédú lẹ́búlẹ́bú tó ń mú táyà dúdú pọ̀ tó nínú táyà àtijọ́ débi pé hóró rẹ̀ ń kanra, iná mànàmáná tó bá kó jọ sára ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Ní ti tuntun, wọ́n ti fi silica, irú ohun tó wà nínú iyanrìn, rọ́pò púpọ̀ nínú èédú kí ọkọ̀ má baà máa jẹ epo jù, ọ̀nà èédú ò sì já mọ́. Ìlà yẹn ni wọ́n fi èédú kún ní ìkúnlọ́wọ́, kí ọ̀nà lè já níbì kan. Orí àpótí aláwọ̀ ni èèyàn ti lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó da rọ́bà sí mọ́ọ̀dù.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, bí ẹ bá tún máa gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ má pe ọmọ wa ní ọ̀lẹ kí ẹ tó bi wọ́n pé kí ni àpótí náà. Bàbá tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo pè yín wá sí ṣẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ Àìkú tí òjò bá rọ̀. Páálí ṣì wà, agolo ṣì wà. Ẹ sáà mú àgbàdo dání, èyí tó kù nílé, adìẹ ti jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọ́kanáísà kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn